Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Nígbà Tí Lupus Bá Fọwọ́ Kan Orí

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Awẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ débi pé òun nìkan la fi gbogbo ojú ewé wa sọ. Fún ẹni tí kò gbọ́ orúkọ àìsàn náà rí: lupus ni àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn, fi ń kọjú ìjà sí onílé. Wọ́n lè jà ní oríkèé, ní awọ ara, ní kíndìnrín, wọ́n sì lè jà nínú ọpọlọ. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní in, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin, pàápàá àwọn tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí. Kì í ràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, ni wọ́n ní ó ní lupus lọ́dún tó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, oríkèé rẹ̀ ń ro ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú, ni dókítà bá gbé prednisolone rẹ̀, oògùn tó ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lápá, kúrò ní 10 sí 60 mìlígíráàmù lójúmọ́. Láti bí ọjọ́ mẹ́wàá ni kò ti sùn mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ní aládùúgbò wa ń bu nǹkan sínú omi tí òun ń mu. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sílé àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ló gùn ún, ká dá a dúró. Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó lè sọ ohun tó ń ṣe é? — Ìyá Ìbejì, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen wà nítòsí yín. Ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì wọlé, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín sì jẹ́: “Ó ní lupus, ó ń lo prednisolone 60, orí rẹ̀ dàrú láti ọjọ́ mẹ́wàá.” Bí ẹ bá kàn ní “ara rẹ̀ ò yá,” tàbí “ó ń sọ ìsọkúsọ,” wọ́n lè tọ́ka yín sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ nìkan, kí ọjọ́ méjì sì lọ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè lupus. Gbogbo páálí oògùn rẹ̀, títí kan àgbo tí ó bá ń mu, ẹ kó o dání. Àdúrà kò dí ìyẹn lọ́wọ́, alùfáà tàbí pásítọ̀ lè tẹ̀ lé yín dé wọ́ọ̀dù. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì ní kó gbààwẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá prednisolone náà dúró lójijì. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe irú èròjà yìí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gbà á láti inú oògùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á ti ṣíwọ́ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá gé e ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ṣúgà lè já wálẹ̀, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Bí ó bá di dandan ká dín in kù, dókítà ló máa sọ iye tí wọ́n á dín àti ọjọ́ tí wọ́n á dín in.

Ó wá ku ìbéèrè yín gan-an. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà níhìn-ín: ó lè jẹ́ lupus fúnra rẹ̀ ló wọ ọpọlọ, ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ àkóràn tàbí nǹkan mìíràn tó rí àyè wọlé nítorí pé oògùn ti rọ àwọn ọmọ ogun ara lápá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí, oníkálukú ní ibi tí ojú rẹ̀ tó.

Èyí tó lè pa èèyàn kíá la kọ́kọ́ ń lé. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ti tó, nítorí prednisolone 60 lè gbé ṣúgà sókè débi tí orí á fi dàrú. Àyẹ̀wò ibà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni sodium, potassium, urea àti creatinine: bí kíndìnrín bá ti dákẹ́ iṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ á padà sínú ọpọlọ. Wọ́n á ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì wo platelet, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, dáadáa. Bí platelet bá já wálẹ̀ púpọ̀, tí sẹ́ẹ̀lì pupa sì já wẹ́wẹ́ lábẹ́ maikirosíkóòpù, pàjáwìrì mìíràn pátápátá nìyẹn. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀, ESR àti CRP; méjèèjì ló ń fi hàn pé ìjà wà nínú ara. Bí lupus bá ru, ESR máa ń ga, ṣùgbọ́n CRP sábà máa ń wà nílẹ̀ tàbí kó gòkè díẹ̀. Bí CRP bá wá fò kọjá 50 tàbí 60 mìlígíráàmù nínú lítà kan, àkóràn ni ká kọ́kọ́ fura sí, àfi bí lupus bá ti mú oríkèé tàbí awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. ESR nìkan ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí àkóràn ń gbé e sókè, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà sì ń gbé e sókè. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ yan ọ̀kan nítorí owó, CRP ni kí ẹ yàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìyẹn la ń wo bí lupus fúnra rẹ̀ ṣe ń gbóná tó: C3, C4 àti anti-dsDNA (ọmọ ogun ara tó kọjú ìjà sí DNA onílé). C3 àti C4 ni ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun ara ń ná lójú ogun, nítorí náà bí ìjà bá le, wọ́n á dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí anti-dsDNA á máa gòkè. Èsì ti ọjọ́ kan kò tó, ẹ mú ti tẹ́lẹ̀ wá kí dókítà rí ibi tó ti ń bọ̀. Síbẹ̀, kíndìnrín ni àwọn mẹ́ta yìí mọ̀ jù. A ti rí ẹni tí lupus wọ ọpọlọ rẹ̀ tí C3 rẹ̀ kò yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni C3 lè wà nílẹ̀ lára ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Ní ti oògùn, ẹ̀gbọ́n yín kò sọ ìsọkúsọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1972, fi hàn pé nínú 100 ẹni tó lo prednisone, ọmọ ìyá prednisolone, tí kò ju 40 mìlígíráàmù lọ lójúmọ́, bí ẹyọ kan ni orí rẹ̀ dàrú. Láàárín 41 sí 80, ó tó bí márùn-ún. Tó bá ti kọjá 80, ó di bí 18. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé oògùn sókè ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tiyín: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n gbé e sókè, ọjọ́ mẹ́wàá ni orí dàrú, ìyẹn ni pé ó tó ọjọ́ 18 láàárín. Kò bọ́ sí ojú ibi tó ti wọ́pọ̀ jù, kò sì jìnnà sí i tí a ó fi ní kì í ṣe oògùn. Ẹsẹ̀ tó wú yẹn wá ṣe pàtàkì. Bí kíndìnrín bá ń da albumin, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, sínú ìtọ̀, tí ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, albumin inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, albumin yìí ló sì ń di apá kan prednisolone mú. Bí kò bá tó, èyí tó ń rìn lómìnira nínú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹ sọ pé kí wọ́n wo albumin, kí wọ́n sì ti ìwé àyẹ̀wò bọ ìtọ̀. Èyí kò wọ́n, wọ́n sì máa ń gbàgbé rẹ̀.

Èyí tí ẹ lè ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni anti-ribosomal P, ọmọ ogun ara kan tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní lupus. Lọ́dún 1987 ni àwọn oníwádìí kọ́kọ́ so ó mọ́ ìdàrú orí nínú lupus, inú gbogbo ayé sì dùn pé a ti rí àmì tí a ń wá. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ jọ lọ́dún 2006, ohun tó jáde ni pé nínú 100 ẹni tí lupus wọ ọpọlọ rẹ̀, bí 26 péré ni àyẹ̀wò náà mú, nínú 100 tí kò sì wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ, bí 20 ni ó ṣì fi ẹ̀sùn kàn. Bí ó bá jáde pé ó wà, ó ń ti ẹ̀rí yòókù lẹ́yìn. Bí ó bá jáde pé kò sí, ẹ má fi ìyẹn sùn. Ẹ má sì ta ohun ìní nítorí rẹ̀, kò lè yí ohun tí dókítà máa ṣe lálẹ́ òní padà.

Ohun tó lè yí i padà ni omi ẹ̀yìn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba omi díẹ̀ láàárín eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá yírùnyírùn tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ ọpọlọ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ìdílé pé yóò yarọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá iṣan ẹ̀yìn parí sí, orí fífọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ẹ fọwọ́ sí i. Ìdí ni pé bí lupus bá ni, oògùn líle tí wọ́n máa fún un láti inú iṣan, bíi methylprednisolone fún ọjọ́ mẹ́ta, á ran án lọ́wọ́. Bí àkóràn bá wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀, oògùn yẹn kan náà lè gbé àkóràn náà gẹṣin.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi ní lupus, oyún oṣù mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Níbi ìforúkọsílẹ̀ aláboyún, wọ́n ní VDRL rẹ̀ mú, pé sífílíìsì ni. Èmi kò yà sọ́nà mìíràn, òun náà ń búra. Ilé wa kò rọgbọ mọ́. Oyún méjì ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí, lọ́dún tó kọjá sì ni apá òsì rẹ̀ kú tipiri fún bí wákàtí kan, kó tó padà bọ̀ sípò. — Bàbá Àlàó, ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ìjà náà dúró ná. VDRL kì í wá kòkòrò sífílíìsì fúnra rẹ̀. Ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní cardiolipin, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ láti inú ọkàn màlúù, ni wọ́n fi ń dẹ páńpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ oní-sífílíìsì máa ń gbá ọ̀rá yìí mú. Ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tó ní lupus náà sì máa ń gbá a mú, nítorí ọmọ ogun ara wọn ti kọjú ìjà sí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Ilé púpọ̀ ti tú lórí bébà pélébé yìí, ó sì ń dùn wá. Ẹ lọ ṣe TPHA, ẹ̀yin méjèèjì. Kòkòrò náà gan-an ni ìyẹn ń wá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí TPHA kò bá mú, ọ̀rọ̀ sífílíìsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Bí ó bá mú, abẹ́rẹ́ penisilíìnì wà, kò sì léwu fún ọmọ inú.

VDRL tó parọ́ yẹn, oyún tó wálẹ̀ àti apá tó kú, ọ̀kan náà ló ṣeé ṣe kó fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àwọn ọmọ ogun ara tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ. Apá tó kú fún wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ṣeé ṣe kó dí iṣan ọpọlọ, tó sì tún yọ̀. Ẹnu ọ̀nà rọpárọsẹ̀ nìyẹn, nítorí náà ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Àyẹ̀wò mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè: lupus anticoagulant, anticardiolipin àti anti-beta-2 glycoprotein I. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú lára rẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ohunkóhun tó bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, nítorí ibà tàbí àkóràn lásán lè gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ 12 kó tó dáàbò bo oyún. Aspirin kékeré, 75 sí 100 mìlígíráàmù, àti abẹ́rẹ́ heparin lábẹ́ awọ, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n sábà máa ń lò. Warfarin, oògùn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kò dára fún ọmọ inú. Ẹ má fọwọ́ ara yín ra ìkankan nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo san owó fún lupus anticoagulant, mo gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ṣeé lò, kí n tún wá san òmíràn. Ṣé wọn kò rẹ́ mi jẹ? — Akẹ́kọ̀ọ́, Awẹ́

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, àyẹ̀wò yìí ló tètè ń bàjẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ìgò kékeré olómorí búlúù ni wọ́n ń fi gbà á. Oògùn citrate 0.3 mìlílítà ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí i jẹ́ 2.7, ìyẹn ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ wò ó dáadáa, ìlà kan wà lára ìgò náà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ìlà, citrate á pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á pẹ́ kó tó dì, èsì á sì dà bíi pé àmì náà wà. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ dorí ìgò náà kodò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ mì ín jìgìjìgì. Bí ìdì bíńtín bá wà níbẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Láàárín wákàtí mẹ́rin, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ẹ̀rọ yí i lẹ́ẹ̀mejì kí platelet lè kúrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí platelet tó bá kù síbẹ̀ lè fi àmì náà pamọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú yìnyín líle bí kì í bá ṣe níbẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe é. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín ní Awẹ́ ní aago méje, tí wọ́n fi í sínú báàgì ọ̀kadà láìyí i, tó sì dé ìlú mìíràn ní aago méjì ọ̀sán, owó ti wọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: “Ṣé níhìn-ín lẹ máa yí i, ìgbà mélòó sì ni?” Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an. Bí ẹ bá ń gba heparin tàbí warfarin, ẹ sọ fún wọn, ó ń da èsì rú. Bí CRP bá ga nítorí àkóràn, òun náà ń da á rú, ó sàn kí ẹ dúró kí ara balẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n bá mi ṣe ANA níbi àyẹ̀wò gbogbo ara, ó mú ní 1:80. Kò sóhun tó ń ṣe mí. Ṣé lupus ni? — S. A., Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Rárá. ANA, àyẹ̀wò tó ń wá ọmọ ogun ara tó kọjú ìjà sí sẹ́ẹ̀lì onílé, máa ń mú lára ẹni tí ara rẹ̀ le koko. 1:80 kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ìlànà ọdún 2019 tí àwọn dókítà fi ń ya lupus sọ́tọ̀ ní kí èèyàn ti kọjá kó tó di pé wọ́n á wo àwọn àmì yòókù. Bí kò bá sí oríkèé ríro, irun jíjá, egbò ẹnu tàbí ìtọ̀ tó ń hó, ẹ má tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin ni mí, ọmọ ọdún 38, lupus mi ti pé ọdún mẹ́fà. Gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀ mi dára, dókítà sì ní ara mi ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbàgbé. Oníbàárà á fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, n ó sì dúró tí n kò mọ ṣéńjì tí n ó fún un. Ṣé irọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń pa ni? — Oníṣọ́ọ̀bù, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ̀jẹ̀ kò parọ́, kò kàn mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ni. Nínú àrùn ọpọlọ àti okùn iṣan ara 19 tí àwọn dókítà lupus kọ sílẹ̀ lọ́dún 1999, ìgbàgbé àti àìlèronú já gaara wà níbẹ̀, ó sì lè wà nígbà tí C3, C4 àti anti-dsDNA bá dára. Àwọn oníwádìí ń wo ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní anti-NR2, tó ń gbógun ti ibi tí ọpọlọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Inú omi ẹ̀yìn ni ó ti ń sọ̀rọ̀ jù. Nínú ẹ̀jẹ̀, bí ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ bá le, ó lè wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Wọ́n tún ń wọn neurofilament, ìyẹn èérún tó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí okùn iṣan ọpọlọ bá ń já, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ àti orí tó fara gbá náà ń gbé e sókè. A kò ní kí ẹ wá ìkankan nínú wọn kiri.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo èyí tí oògùn ń bẹ fún: ẹ̀jẹ̀ tó kù díẹ̀ káàtó, tairọ́ọ̀dù, fítámínì B12, ṣúgà, àti àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dídì mẹ́ta tí a dárúkọ fún Bàbá Àlàó, nítorí ìdì kéékèèké lè máa jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ láìsí apá tó kú. Ẹ sọ òtítọ́ nípa oorun yín àti ìbànújẹ́. Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì máa ń gbàgbé, ìtọ́jú sì wà fún un. Bí ẹ bá ń lo hydroxychloroquine, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ní lupus, kò yẹ kó ju 5 mìlígíráàmù lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara yín lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 60, 300 ni òpin tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún sì ni àyẹ̀wò ojú ọlọ́dọọdún ti di dandan. Tiyín ti kọjá ọdún yẹn.

Ẹ sọ fún dókítà pé kó ṣe àyẹ̀wò orí bébà fún yín, èyí tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn ya aago, kó ka nọ́ńbà sẹ́yìn, kó sì rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì nílò abẹ́rẹ́. Wọ́n á tọ́jú èsì náà, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ mú ìwé ìṣírò ṣọ́ọ̀bù yín dání lọ, ti oṣù mẹ́ta tó kọjá àti ti irú oṣù bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.